Ìyà Ẹlẹ́ẹ̀kejì: Ọ̀ràn Àwọn Obìnrin Tí Ó Ń Wá Ibi Ìsádi

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, tí ó sì kọrí sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Òrù. Òrù kì í ṣe ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, ṣùgbọ́n láti ọdún 1990 títí di ọdún 2007, ibẹ̀ ni àwọn tí ogun lé jáde ní ilẹ̀ Liberia, àti lẹ́yìn náà àwọn ará Sierra Leone, ń gbé nínú àgọ́ tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ àgbáyé tí ń tọ́jú àwọn ogunléndé pa fún wọn. Ogun Liberia bẹ́ sílẹ̀ ní òpin ọdún 1989. Ti Sierra Leone tẹ̀lé e ní ọdún 1991, kò sì tán títí di ọdún 2002. Àwọn àgbàlagbà agbègbè wa kò lè sọ pé ìtàn ìlú òkèèrè ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọjà kan náà ni àwa àti àwọn àlejò wọ̀nyí ń ná, ojú ọ̀nà kan náà ni a sì ń rìn.

Ohun kan wà tí a kò bi wọ́n. Bí a bá rí ọkùnrin tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gé ní ọwọ́, àánú rẹ̀ a ṣe wá, nítorí pé ọgbẹ́ tirẹ̀ wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jókòó ti agbọ̀n ata, tí ó wọ aṣọ tí ó mọ́, tí ó sì ń kí wa pé ẹ káàárọ̀, ta ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kí ó tó dé Òrù? Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, Physicians for Human Rights, ṣe ìwádìí ní Sierra Leone. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé iye àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí a fi ipá bá lò pọ̀, tàbí tí a hu ìwà irú bẹ́ẹ̀ sí ní ilẹ̀ náà, lè tó 215,000 sí 257,000. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, nítorí pé àwọn tí ó lè la ẹnu ni a lè kà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí àgọ́ Òrù ṣì wà, ìjọba wa fún ẹnìkan ní ibi ìsádi láìjẹ́ pé ó tò sórí ìlà, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ kankan bi í léèrè ọjọ́ àti wákàtí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìtàn rẹ̀ kò ta létí. Charles Taylor ni ẹni náà, Ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀ rí. Ilé ńlá ni a fi í sí ní Calabar. A mọ̀ pé nítorí àlàáfíà ni, pé bí kò bá kúrò ní Monrovia ẹ̀jẹ̀ ì bá tún ṣàn sí i, a kò sì fẹ́ jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà méjì tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Sierra Leone ti gé ní ọwọ́ kò lè gbà á mọ́ra, wọ́n sì pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Àbújá ní ọdún 2004. Ní ọdún 2006 ni a fi Taylor lé ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí a gbé kalẹ̀ nítorí ogun Sierra Leone dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 11, ìfipábánilòpọ̀ àti fífi obìnrin ṣe ẹrú ibùsùn sì wà nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ni wọ́n fi í sí. Ẹ ro èyí wò: fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ẹni tí ó ran àwọn tí ó bá obìnrin jẹ́ lọ́wọ́ àti àwọn obìnrin tí a bà jẹ́ jọ jẹ́ àlejò orílẹ̀-èdè kan náà. Ẹnìkan sùn nínú ilé ńlá, àwọn yòókù sùn nínú àgọ́.

A mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí, èyí tí ó kan àwọn ọmọbìnrin tiwa gan-an ní ìdálẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn obìnrin láti ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn, ń bẹ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Ítálì, ti Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn pé kí wọ́n fi àwọn sí abẹ́ ààbò, nítorí ìwà ipá tí a hù sí wọn ní ara. Bí a ti ń dá ẹjọ́ wọn ni ó kù díẹ̀ káàtó. Òfin wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń lò ó ń fi ìyà kejì jẹ ẹni tí ó ti jẹ ìyà àkọ́kọ́.

Ìwé àdéhùn tí ayé ń tẹ̀lé lórí ọ̀ràn yìí ni èyí tí a fọwọ́ sí ní Geneva ní ọdún 1951. Nàìjíríà gbà á wọlé ní ọdún 1967. Ìdí márùn-ún ni ìwé náà kà tí a fi lè gba ènìyàn gẹ́gẹ́ bí asásàálà: ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, èrò rẹ̀ nípa ìṣèlú, àti jíjẹ́ tí ó jẹ́ ara àwùjọ kan pàtó. Ẹ óò ṣàkíyèsí pé a kò dárúkọ obìnrin níbẹ̀. Ọkùnrin tí ó kọ ìwé ta ko ìjọba, tàbí tí ó di ẹ̀sìn mìíràn mú, ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó kọ ọ́. Wọn kò ro ti ìyàwó ilé tí ṣọ́jà wọ inú yàrá tọ̀, tàbí ti ọmọdébìnrin tí àwọn ìbátan rẹ̀ fẹ́ dá abẹ́ fún tipátipá. Láti ìgbà náà, inú gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yẹn, "àwùjọ kan pàtó", ni àwọn amòfin ti ń wá àyè fún obìnrin, bí ẹni tí ń wá ibi tí yóò jókòó sí nínú ọkọ̀ tí ó ti kún.

Ọmọ ilẹ̀ Togo, tí kò jìnnà sí wa, ni ó la ọ̀nà náà ní Amẹ́ríkà. Fauziya Kassindja ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Kpalimé ni. Nígbà tí baba rẹ̀ kú, àwọn ìbátan fẹ́ fi í fún ọkùnrin kan tí ó ti ní ìyàwó mẹ́ta, kí wọ́n sì dá abẹ́ fún un kí ó tó wọlé ọkọ. Ọmọ ọdún 17 ni, ó sá ní ọdún 1994, ó gba Ghana lọ sí Jámánì, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún náà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà ẹlòmíràn. Ó fi òtítọ́ sọ fún òṣìṣẹ́ ibodè pé ìwé náà kì í ṣe tòun, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ààbò. Kí ni èrè òtítọ́ rẹ̀? Àhámọ́ ni wọ́n gbé e jù sí, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù 16, láti ọgbà kan dé èkejì. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ọdún 1995 sọ pé òun kò gbà á gbọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ṣì ń kọ́ nípa òfin, Layli Miller, àti olùkọ́ òfin kan, Karen Musalo, tí wọ́n gbé ọ̀ràn náà lọ sí ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1996, ìgbìmọ̀ náà dá a láre. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí a lè tọ́ka sí ní Amẹ́ríkà pé obìnrin tí ó sá fún abẹ́ dídá lè rí ibi ìsádi.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn adájọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ gbà pé obìnrin méjì láti Pakistan, tí ọkọ wọn fi ẹ̀sùn àgbèrè kàn, lè jẹ́ ara "àwùjọ kan pàtó" nítorí pé òfin àti àṣà ìlú wọn kò dáàbò bò wọ́n. Èyí tí ó wọ̀ wá lára jù ni ti ọdún 2006. Ọmọbìnrin ará Sierra Leone kan, tí ó sá kúrò ní abúlé baba rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún òun, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, olórí wọn sì fi ipá bá a lò pọ̀ títí ó fi lóyún. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2003. Ìjọba kò lé e padà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti pè é ní asásàálà. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà kọ̀. Àfi ìgbà tí ọ̀ràn dé iwájú Ilé Àwọn Olóyè ní oṣù kẹwàá ọdún 2006 ni gbogbo àwọn adájọ́ márààrún fi ohùn ṣọ̀kan pé ó lẹ́tọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó fi dúró. Ogun tí ó lé àwọn ará Òrù wá sọ́dọ̀ wa ni ó lé òun náà.

Nítorí náà, òfin kò burú tó bí àwọn kan ti ń rò. Níbo ni ó ti ń bàjẹ́? Nínú yàrá kékeré kan ni, níbi tí obìnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ògbufọ̀ jókòó sí. A fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Obìnrin Yorùbá kì í dárúkọ ọ̀ràn yìí ní gbangba. Ikú yá jẹ̀sín ni ìwà tí a fi tọ́ ọ. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, yóò yí ọ̀rọ̀ náà po. Yóò ní, "Ó bà mí jẹ́." Yóò ní, "Ó ṣe mí bí ó ti wù ú." Àwa tí a gbọ́ èdè mọ ohun tí ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣókí pé ọkùnrin náà ṣe é ní ibi, òṣìṣẹ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin kan hùwà àìdáa sí i, yóò sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí oníṣègùn bá bi í jẹ́jẹ́ tí ó sì là á sílẹ̀, ìjọba yóò ní, "Èé ṣe tí o kò sọ èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́?" Wọn yóò pè é ní òpùrọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2004 tilẹ̀ pàṣẹ pé kí a ka ìfàsẹ́yìn nínú bíbéèrè fún ààbò sí ohun tí ó ń ba òtítọ́ ènìyàn jẹ́, bí kò bá ní àlàyé tí ó mọ́gbọ́n dání. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́ni tí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ sọ pé ìtìjú lè mú kí obìnrin pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, pé a kò gbọdọ̀ fi èyí nìkan dá a lẹ́bi, pé ó sì lè bẹ̀bẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àti ògbufọ̀ tí ó jẹ́ obìnrin. Ìtọ́ni dára lórí ìwé. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun lè bẹ̀bẹ̀ kò ní bẹ̀bẹ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ a máa dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ níbẹ̀. "Ó" ni a ń pe ọkùnrin, "ó" náà ni a ń pe obìnrin. Bí ògbufọ̀ kò bá fi etí sílẹ̀, ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn àti ẹni tí ó ṣe ibi náà a di ẹnìkan. Obìnrin a ní "bàbá mi", àbúrò baba rẹ̀ ni ó ń sọ. Ní ìgbà kejì a ní baba òun ti kú, òṣìṣẹ́ yóò sì fa ilà pupa sí i. Ti kíka ọjọ́ ńkọ́? Àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí à ń pè ní ọrọrún fi ń bọ́ sí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin lójú Gẹ̀ẹ́sì, tí ìsán fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, tí ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Obìnrin ará oko tí ó ní wọ́n ti òun mọ́lé fún ìtàdógún kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka kàlẹ́ńdà yóò rí ọjọ́ kan tí ó sọnù, yóò sì bi í níbi tí ó gbé e sí. A kò rò pé òṣìṣẹ́ náà jẹ́ òṣìkà. Kò mọ̀ ni. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá sì ní agbára láti lé ènìyàn padà, kí a máa fi ìwà tútù sọ fún un kò tó. Ó yẹ kí a fi òfin dè é.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní irọ́ ni púpọ̀ nínú ìtàn wọ̀nyí, pé àwọn kan wà tí ń ta ìtàn bí ẹní ń ta aṣọ òkìrìkà, tí ń kọ́ ọmọbìnrin pé kí ó sọ pé a fi ipá bá òun lò pọ̀ kí ó lè rí ìwé gbà. Òótọ́ ni. Àwọn onírọ́ wà, ẹ̀gàn sì ni fún wa. Ṣùgbọ́n ta ni ń jìyà irọ́ wọn? Ẹni tí ó ra ìtàn a máa sọ ọ́ létòlétò, nítorí pé ó ti kọ́ ọ sórí. Ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni ń ta gẹ̀gẹ̀, tí ń gbàgbé ọjọ́, tí ń sọ ẹ̀yìn ṣáájú iwájú. Bí a bá ń fi ìtòlétò dán òtítọ́ wò, àwọn onírọ́ ni yóò máa wọlé, àwọn olóòótọ́ ni a óò sì máa lé. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a jẹ́ kí oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn yẹ obìnrin wò ní kùtùkùtù, kí a fún un ní agbẹjọ́rò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a má sì kánjú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó gbọ́ ti òṣìṣẹ́ nìkan, tí kò fetí sí oníṣègùn, kò yàtọ̀.

Kíkánjú yìí gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n fi ń ti ènìyàn mọ́lé, tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ wọn fúnra rẹ̀ sọ pé ètò kíákíá náà kò bá òdodo mu, a sì dá a dúró. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ó bọ́ sínú rẹ̀ wà ní Yarl's Wood, àhámọ́ kan nítòsí Bedford tí wọ́n ṣí ní ọdún 2001. Ẹgbẹ́ Women for Refugee Women, tí Natasha Walter dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, fọ̀rọ̀ wá obìnrin 72 lẹ́nu wò nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Ó fẹ́rẹ̀ tó ìdajì wọn tí ó sọ pé a ti fi ipá bá àwọn lò pọ̀ ní ìlú wọn. Ní ọdún 2014 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí a dá irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kúrò ní àhámọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìwà ipá sí obìnrin, Rashida Manjoo, dé ẹnu ọ̀nà Yarl's Wood, wọn kò sì jẹ́ kí ó wọlé. Ní ọdún 2015, ọ̀gá tí ń bẹ àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wò sọ pé ibẹ̀ ti di ohun tí ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè náà kọminú sí.

Ohùn àwọn obìnrin náà kò já sí asán pátápátá. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Shaw, tí ìjọba ní kí ó wádìí, dámọ̀ràn ní oṣù kìíní ọdún 2016 pé kí a má ti aboyún mọ́lé rárá, kí ó sì jẹ́ pé a kì í ti ẹni tí a fi ipá bá lò pọ̀ mọ́lé àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ìjọba kò gba gbogbo rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún náà ní aboyún kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ ní àhámọ́, bí mínísítà kò bá fọwọ́ sí i pé kí ó di ọjọ́ méje. Fún àwọn yòókù kò sí gbèdéke kankan nínú òfin. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Yarl's Wood tí ó kọ oúnjẹ sílẹ̀ nítorí èyí. Ní òpin ọdún 2021, wọ́n ṣí àhámọ́ obìnrin tuntun ní Derwentside, ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà.

Òfin ọdún 2022 wá tún mú nǹkan le. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ó bá ṣeé ṣe láti gbàgbọ́ pé ewu wà, ó tó. Nísinsìnyí, obìnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ó dájú ju kí ó má dájú lọ pé ẹni tí òun pe ara òun ni òun jẹ́, pé òun sì ń bẹ̀rù nítòótọ́, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wo ewu tí ó wà níwájú rẹ̀. Òfin náà sì mú àlàyé "àwùjọ kan pàtó" le ju bí àwọn adájọ́ ọdún 2006 ti fi sílẹ̀. Ẹ̀rí wo ni obìnrin yóò mú wá? Ìwà yìí kì í ní ẹlẹ́rìí. Ìwé ọlọ́pàá kò sí, nítorí pé ọlọ́pàá lè jẹ́ ẹni tí ó ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 2022 kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn Ìsítáńbùlù tí ó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin. Ṣùgbọ́n ó yọ apá kan sílẹ̀: apá tí ó kan ìwé ìgbélùú àwọn obìnrin àjèjì.

Bí ọ̀ràn bá sì jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, ìdáhùn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n á ní, "Nàìjíríà tóbi. Bí wọ́n bá ń lépa rẹ ní ìlú kan, lọ gbé Èkó tàbí Àbújá." Wọ́n á tọ́ka sí òfin tí ìjọba àpapọ̀ wa ṣe ní ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn. Òfin náà wà, a sì yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwa tí ń gbé ilé mọ bí ó ti rí fún obìnrin kan ṣoṣo, tí kò ní owó, tí kò ní ará, tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, láti sọ̀kalẹ̀ ní Ọjọ́ta ní alẹ́ kí ó wá yàrá. Onílé yóò bi í léèrè ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ irú ọ̀ràn yìí ní London sọ nípa àwọn obìnrin wa tí a fi ṣòwò pé a gbọ́dọ̀ wo ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìlera rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí a ń béèrè ni kí wọ́n tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ti òwò ẹrú yìí náà kò ṣeé fojú fò. Ní ọdún 2016, ó lé ní 11,000 obìnrin ọmọ Nàìjíríà tí ó gba òkun dé Ítálì, àjọ àgbáyé tí ń bójú tó ìrìnàjò sì ṣírò rẹ̀ pé 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ṣeé ṣe kí a ti fi ṣòwò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, òkú obìnrin àti ọmọbìnrin 26 ni ọkọ̀ ojú omi kan kó dé Salerno, a sì sin wọ́n síbẹ̀. Àwọn tí ó là á já ti mu ìbúra níwájú ojúbọ pé àwọn kò ní dárúkọ ẹni tí ó rán àwọn lọ. Òyìnbó tí kò gbà pé ìbúra lè di ahọ́n ènìyàn kò ní gbà pé ìbẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Nígbà tí Ọba Ewuare Kejì ti Benin pe àwọn babaláwo ìlú rẹ̀ jọ ní oṣù kẹta ọdún 2018, tí ó tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká, tí ó sì fi àwọn tí kò bá jáwọ́ gégùn-ún, ó ṣe ohun tí òfin Róòmù àti ti London kò lè ṣe. A bu ọlá fún un.

Ó yẹ kí a gbá ẹnu ọ̀nà tiwa pẹ̀lú. Láti òpin ọdún 2017 ni àwọn ará Kamẹrúùnù tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sá wọ ilẹ̀ wa, àgọ́ ńlá sì wà fún wọn ní Adagom, ní Ògójà, láti ọdún 2018. Obìnrin pọ̀ nínú wọn. Bí a bá ń bá Gẹ̀ẹ́sì wí, ẹ jẹ́ kí a wo bóyá obìnrin kan wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa tí yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn ní kọ̀rọ̀, tàbí gbangba òde ni a ti ń bi wọ́n. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a ń lé tí ó bá sá wọ ààfin, a kì í wọlé lọ fà á jáde. Ọba ni yóò gbọ́ tirẹ̀ kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe. Ohun tí àwọn baba wa ṣe láìsí ìwé àdéhùn, kò yẹ kí ó ṣòro fún àwa tí a fọwọ́ sí i.

Àwọn tí a sì ń lé padà dé láti òkè òkun ńkọ́? A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A ní, "Ó lọ, kò rí ṣe." Ìyá ọkọ a máa bi í léèrè owó. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń bẹ̀rù ilé ju àhámọ́ lọ. Ó yẹ kí àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àti àwọn ìyá Àsáláátù pẹ̀lú, ní ibì kan tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ wa tí ó kù jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní London, ní Manchester, àti níbikíbi tí wọ́n bá gbé ń pàdé. A mọ̀ pé owó ilé ìpàdé, aṣọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ Ojúde Ọba ni ó máa ń gba àkókò wọn, a kò sì bá wọn wí, nítorí pé ayẹyẹ dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yan obìnrin méjì tàbí mẹ́ta láàárín wọn, àwọn tí ó gbọ́ èdè wa dénú, tí ẹnu wọn kò jò, tí yóò máa bá obìnrin tí ìjọba pè lọ sí ibi ìbéèrè. Kí wọ́n sọ fún un ṣáájú pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún òṣìṣẹ́ obìnrin, pé ó lè béèrè fún ògbufọ̀ mìíràn bí èyí tí wọ́n mú wá kò bá yé e, pé kí ó dárúkọ nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹgbẹ́ sì kọ̀wé sí aṣòfin tí ń ṣojú àdúgbò wọn ní Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbò, aṣòfin a sì máa dá ẹni tí ó ní ìbò lóhùn. Ohun mẹ́ta ni kí wọ́n béèrè: kí a fi gbèdéke sí ọjọ́ tí a lè ti ènìyàn mọ́lé, kí a má ti ẹni tí a fi ipá bá lò pọ̀ mọ́lé rárá, kí a sì dá ìlànà ẹ̀rí padà sí bí ó ti wà ṣáájú ọdún 2022.